Bíṣọ́ọ̀bù Tí Bàbá Mi Ń Gbàdúrà Fún

Bàbá mi ò kọ́ wa ní oríkì ilé wa tó bó ṣe kọ́ wa ní ìtàn àwọn bíṣọ́ọ̀bù. Katikísì ni, ẹni tó ń kọ́ àwọn tó fẹ́ ṣèrìbọmi nínú ìjọ Àgùdà. Agboolé Mùsùlùmí ni wọ́n bí i sí ní Bẹyẹrunka, ilé ìwé àwọn fadá ló ti di onígbàgbọ́. Bóyá torí pé kò bá ẹ̀sìn náà nílé ló ṣe dì í mú tó bẹ́ẹ̀.

Bíṣọ́ọ̀bù méjì péré la tíì ní nígbà tí mo wà ní kékeré: òyìnbó tó kọ́kọ́ jẹ, àti ọmọ Yorùbá tó gbapò lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, Bàbá á ní ká kà wọ́n bí ẹni ń ka tábìlì ìṣirò. Òyìnbó yẹn, ìkúnlẹ̀ ni wọ́n fi ń kí i, wọ́n á sì fẹnu ko òrùka rẹ̀. Ọjọ́ tí ọmọ Yorùbá kọ́kọ́ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa, ṣe làwọn ọkùnrin na gbalaja sínú eruku, wọ́n gbàgbé òrùka pátápátá. Bí Bàbá bá ń sọ èyí, á máa rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀.

Nínú Mísà, ó níbi tí fadá ti máa ń dárúkọ póòpù àti bíṣọ́ọ̀bù láti gbàdúrà fún wọn. Bàbá máa ń bá a pe orúkọ bíṣọ́ọ̀bù náà, jẹ́jẹ́. Lọ́jọ́ Àìkú kan, nígbà ọyẹ́ èṣí, fadá dárúkọ bíṣọ́ọ̀bù wa ti ìsinsìnyí, Bàbá sì pe orúkọ ẹni tó jẹ ṣáájú rẹ̀, sókè ketekete. Àwọn èèyàn bojú wẹ̀yìn. Nígbà tí à ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè Mápó lẹ́yìn Mísà, mo ní:

“Bàbá, bíṣọ́ọ̀bù yẹn ti fẹ̀yìn tì.”

“Ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní bíṣọ́ọ̀bù? Ìwọ tí mo kọ́?”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo fi ṣe àwàdà fáwọn ará ilé.

Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa, Bàbá ti kúrò lórí ìyẹn, ó ti dé ọ̀dọ̀ ọmọ Yorùbá àkọ́kọ́, tó ti kú tipẹ́. Kì í sì í ṣe orúkọ nìkan ló padà wá. Ó bi mí bóyá télọ̀ ti rán aṣọ funfun tí màá fi gba kọnfáàmù. Èmi tí mo ti ní ọmọ-ọmọ! Mo ní wọ́n ti rán an. Ìgbà tí mo wọ yàrá mi lọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Láti ọ̀dọ̀ bíṣọ́ọ̀bù kan sí òmíràn ni Bàbá ń fi ẹ̀yìn rìn lọ. Ayé bíṣọ́ọ̀bù tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ yìí ni wọ́n bí mi. Òyìnbó nìkan ló kù lẹ́yìn rẹ̀, tí Bàbá bá sì dé ọ̀dọ̀ òyìnbó, èmi ò tíì sí láyé.

Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀rù náà sì di ìbínú. Láràárọ̀ ni mò ń jókòó tì í, tí mò ń bi í bó ṣe máa ń bi àwọn ọmọ katikísìmù: Ta ni bíṣọ́ọ̀bù wa? Ta ló jẹ ṣáájú rẹ̀? Ta ló ṣe kọnfáàmù fún ọmọ yín? Bó bá ṣì í, màá jágbe mọ́ ọn. Lọ́jọ́ kan, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí. Ibẹ̀ ni àbúrò rẹ̀ bá wa, Alàájì tó máa ń ti Bẹyẹrunka wá kí i lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.

“Fi bàbá ẹ sílẹ̀ jàre,” Alàájì sọ. “Wàhálà lò ń kó bá ara ẹ. Ọmọdé ṣubú ó wo iwájú, àgbà ṣubú ó wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ló ń wò yẹn.”

“Tó bá dé ẹ̀yìn ọ̀hún, ó máa bá ẹ̀yin níbẹ̀. Èmi ńkọ́?”

Mo jowú Alàájì lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní í purọ́.

Mi ò bi Bàbá ní ìbéèrè mọ́. Ní oṣù tó kọjá, nínú Mísà, fadá dárúkọ bíṣọ́ọ̀bù wa, Bàbá sì pe orúkọ òyìnbó, pẹ̀lú ìbàlẹ̀ ọkàn, láìṣi ẹyọ kan pè. Mi ò lè gbójú sókè. Nígbà tí Mísà parí, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú kó má baà ṣubú lórí àtẹ̀gùn. Ó rọra gba ọwọ́ rẹ̀ padà.

“Ẹ ṣeun, mà. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n dá yín dúró.”

“Bàbá, èmi ni.”

Ó wò mí dáadáa, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, bó ṣe máa ń wo àwọn àjèjì tó bá wá forúkọ sílẹ̀ fún ìrìbọmi.

“Bíṣọ́ọ̀bù ní kí n gbéyàwó kọ́dún ó tó parí,” ó wí. “Ẹ bá mi gbàdúrà, mà, kí Ọlọ́run fún mi lọ́mọ.”

Mo ní, “Àmín, sà.”