Ohùn Ìdúró Tíṣà Gíríìkì

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Òsì, tí a ṣì ń sá bátìrì rédíò sóòrùn kí ó lè tún sọ̀rọ̀ fún wa díẹ̀ sí i, ohùn mi ni ẹ̀ṣẹ̀ mi. Bí mo bá ń kọrin bí mo ṣe ń gúnyán, ìyá mi á ní kí n fi orin sílẹ̀ kí n gbájú mọ́ odó. Ohùn mi kì í gòkè, kì í sọ̀ kalẹ̀. Ibi tí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ náà ni yóò parí sí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n lé mi kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ó dùn mí dé egungun, nítorí àwọn akọrin ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún ní mọ́ínmọ́ín lọ́jọ́ ìkórè.

Ọkùnrin kan wà ní àdúgbò wa tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Tíṣà Gíríìkì. Ó ń kọ́ni ní Ìmọ̀ Bíbélì ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ó sì ti kàwé rí ní Tẹsalóníkà. Ìlú tí Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí náà ni o! Ẹ̀gbọ́n mi tilẹ̀ bi í léèrè bóyá wọ́n ti fèsì. Kásẹ́ẹ̀tì ni Tíṣà kó bọ̀ láti ọ̀hún: orin àwọn darandaran ilẹ̀ Gíríìkì, àti orin ṣọ́ọ̀ṣì wọn àtijọ́ tí wọ́n ń fi ẹnu lásán kọ, láìsí dùùrù. Bí a bá ń ti odò bọ̀ nírọ̀lẹ́, à ń gbọ́ ọ lójú fèrèsé rẹ̀. Àwọn kan ní ọkàn rẹ̀ kò tíì bá a dé láti ìrìn àjò.

Lọ́jọ́ kan, eré ẹsẹ̀ tí à ń pè ní tẹ́ńtẹ́ń gbà mí lọ́kàn, iṣu jóná lórí iná. Ìyá mi ní kí n kúnlẹ̀ níwájú ilé, kí n na ọwọ́ méjèèjì sókè. Kí n má baà sunkún lójú àwọn ẹgbẹ́ mi, mo pa ẹnu dé, mo ń kùn. Tíṣà ń kọjá lọ, ó dúró. Mo rò pé yóò bá mi bẹ̀bẹ̀ ni. Ó wọlé tọ ìyá mi lọ, ó ní, “Ìyá Bọ́sẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi lọ́mọ yìí. Ohùn tí mo ti ń wá kiri ló wà lẹ́nu rẹ̀.”

Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. “Tíṣà, ṣé Bọ́sẹ̀ wa yìí náà?”

Tíṣà ṣàlàyé fún wa pé nínú orin ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Gíríìkì, ẹnìkan ń gbé orin gòkè sọ̀ kalẹ̀, àwọn yòókù ń di ohùn kan ṣoṣo mú nísàlẹ̀, kí ẹni tí ó ń rìn má baà ṣìnà. Èmi àti Fúnmi, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ni ó yàn láti di ohùn ìdúró yìí mú. Òfin kan ló fún wa: bí ọ̀kan bá fẹ́ mí èémí, kí èkejì di ohùn mú dè é. A kọ́ ọ fún oṣù méjì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ á sì fún wa ní ẹ̀pà yíyan bí a bá ṣe tán.

Àwọn àgbà ìjọ kò fẹ́ irú orin bẹ́ẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní kí Tíṣà fi kọ Sáàmù kan lọ́jọ́ ìkórè, ẹ̀ẹ̀kan péré. Bí kò bá wọ ìjọ létí, kí ó má tún gbé orin Gíríìkì wá síwájú wọn láéláé. Èmi náà mọ̀ pé bí ó bá bàjẹ́, ó di ẹ̀ẹ̀kẹta tí wọn yóò lé mi.

Ọjọ́ ìkórè pé. Tíṣà bẹ̀rẹ̀ Sáàmù náà lédè Yorùbá, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, àwa méjì di ohùn mú. Ṣùgbọ́n ní ìlú wa, bí orin bá já mọ́ ọmọ lẹ́nu, ìjọ kì í wò ó níran. Ẹnìkan á dá orin mìíràn láti fi bo àṣírí rẹ̀. Ìyá Ìjọ, arúgbó onínúure, tẹ́tí sí wa títí, ohùn wa kò kúrò lójú kan. Àánú wa ṣe é. Ó dìde fùú.

“Ẹ bá ọn gbè é o! Orin ti há àwọn ọmọ lọ́fun!”

Ó dá orin, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì gbè é pẹ̀lú agogo àti ijó. Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi, Fúnmi náà ti ń pàtẹ́wọ́! Tíṣà dákẹ́, ojú rẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n Tíṣà kò ì tíì ní kí n sinmi. Mo ń di ohùn mi mú, mo ń jí èémí mí sínú ariwo wọn. Nígbà tí wọ́n kọrin wọn tán, tí ibi gbogbo pa rọ́rọ́, ohùn mi nìkan ló kù. Tíṣà gbójú sókè, ó bá ohùn mi níbi tí ó fi í sí, ó sì kọ Sáàmù náà dé òpin. Ìyá Ìjọ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: “Háà, àṣé bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn!” Mọ́ínmọ́ín mẹ́ta ni mo jẹ lọ́jọ́ náà.

Lónìí, mo ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Ararọ̀mí-Ọ̀pin. Àwọn ọmọ mi kò mọ bí wọ́n ṣe ń sá bátìrì. Orin tí Tíṣà rù la òkun kọjá, ìka kan ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ jáde lórí fóònù. Mo mú fóònù náà lọ kí i lẹ́nu àìpẹ́ yìí. Ó ti darúgbó, kò mọ orúkọ mi mọ́. Mo tan orin Gíríìkì fún un, ó kàn ń wo fóònù náà ni. Mo pa á. Mo pa ẹnu dé, mo mú ohùn ọjọ́ yẹn.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó gbójú sókè, ló bá bẹ̀rẹ̀ Sáàmù náà. Àwa méjì péré ni, kò sí Fúnmi. Nígbà tí èémí mi fẹ́ tán, mo rò pé ibẹ̀ ni orin náà yóò já sí. Tíṣà fi ọ̀nà orin sílẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ wá sórí ohùn mi, ó sì dì í mú dè mí títí mo fi mí.