Ọjọ́ Tí Ògbufọ̀ Ìjọ Wa Fi Ìwé Sílẹ̀

Ọgbọ̀n ọdún ni Kwak Mal-sun fi ń ránṣọ ní Filadẹ́fíà ní Amẹ́ríkà, ogún nínú rẹ̀ ló sì fi ṣe ògbufọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì àwa ará Kòríà. Ohun tí ẹnìkan bá sọ ló máa ń túmọ̀, kì í bù ú, kì í sì í fi kún un.

Lọ́dún kòrónà, inú ọkọ̀ la ti ń jọ́sìn nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, rédíò ọkọ̀ la fi ń gbọ́ ìwàásù, fèrè ọkọ̀ la sì fi ń ṣe "Àmín." Ọ̀sẹ̀ yẹn, ọlọ́pàá ti pa ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan, ìlú sì gbóná. Àwọn ọ̀dọ́ wa kọ lẹ́tà pé kí gbogbo ìjọ bá wọn wọ́de. Eun-bi, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ń kà á ní Gẹ̀ẹ́sì, Mal-sun ń túmọ̀ rẹ̀.

Àfi bí Alàgbà Pyo ṣe yọrí lójú fèrèsé ọkọ̀.

"Òṣèlú nìyẹn! Díákónẹ́ẹ̀sì, ẹ má túmọ̀ ìyókù!"

Mal-sun fi ìwé sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn sílẹ̀.

"Nígbà òtútù tí mo kọ́kọ́ rí níbí, mo ṣubú lórí yìnyín, ẹsẹ̀ mi kán. Odessa, obìnrin dúdú tó múlé tì mí, ló gbé mi wọlé. Oṣù méjì ló fi ń gbé ọbẹ̀ wá fún mi. Lọ́jọ́ tí ọlọ́pàá lu ọmọ rẹ̀, mo gbọ́ igbe. Mo tilẹ̀kùn. Mo ní kò kàn mí. Odessa ti kú, n ò sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ará, ó kàn mí o!"

Lójijì, fèrè kan dún: pòòò! Ti Alàgbà Pyo ni. A rò pé inú ló ń bí i. Ó bọ́ sílẹ̀, ó ń tiro bọ̀.

"Níbo lẹ ní ẹ ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìwọ́de náà?"

"Orúnkún yín ńkọ́, Bàbá?" ni Eun-bi bi í.

"Orúnkún ló ń dùn mí, etí mi ò di!"

Ha! Fèrè bá sọ lọ́tùn-ún lósì. Ajá àdúgbò gan-an ń gbó tẹ̀ lé wa.

Ó lé ní ọgọ́ta wa tó jáde. Nígbà tí a pàdé èrò tó ń wọ́de, ìyá dúdú kan wò wá láti òkè délẹ̀.

"Níbo lẹ ti wá?"

"Kòríà ni," Mal-sun dáhùn. "A pẹ́ díẹ̀ lọ́nà."

"Ẹ ṣáà ti dé. Ẹ tò síbí!"

A dá orin ìsìn kan ní èdè wa. Àwọn tó wà lẹ́yìn mọ ohùn orin náà, ni wọ́n bá gbà á ní Gẹ̀ẹ́sì. Orí mi wú!

Ìdílé méjì kúrò nínú ìjọ nítorí ọjọ́ yẹn, ó sì dùn wá. Ní ti Mal-sun, ọjọ́ mẹ́ta ni ohùn rẹ̀ fi ha. Bí oníbàárà bá bi í pé kí ló ṣe é, á kọ ọ́ sórí bébà: "Mo pariwo."