Sàláúdéènì Agbélérù àti Fèrèsé Àtọ́kẹ́

Kò sí ẹni tó dàgbà ní Ìdí Àrẹ̀rẹ̀ láyé ìgbà yẹn tí kò mọ ìtàn ìṣílé Sàláúdéènì Agbélérù, àwọn tí kò sì débẹ̀ ló mọ̀ ọ́n sọ jù. Nígbà tí òmìnira ku ọdún méjì, lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ọkùnrin káfíńtà yìí dìde ní mọ́sálásí lẹ́yìn ìrun, ó ká apá agbádá sí èjìká, ó ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì òun ti parí, kí gbogbo ará àdúgbò wá bá òun ṣí i lọ́jọ́ Àìkú. Háà! Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹ̀? Ọkùnrin tí páànù orí ilé rẹ̀ ti dípẹtà? Àwọn kan ní ó ti he nǹkan ní Àgódi, níbi tó ti ń bá àwọn òyìnbó tún àga ṣe. Àwọn mìíràn ní Mọ̀kọ́lá ló kọ́ ọ sí, kí àwọn ará ilé rẹ̀ má baà fojú burúkú wò ó.

Àtọ́kẹ́ ìyàwó rẹ̀, tó mọ bí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà ṣe tó, rẹ ẹ̀wà sínú omi, ó sì ń ro bí àkàrà ṣe máa pọ̀ tó kí ọgọ́rùn-ún èèyàn tí inú ń bí tó lè dákẹ́.

Lọ́jọ́ náà, èrò pé. Ẹtù wà níbẹ̀, sányán wà níbẹ̀, àwọn kan tilẹ̀ yá bàtà wá. Sàláúdéènì kó wọn wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ṣí aṣọ funfun kúrò lórí tábìlì. Ilé alájà méjì ló wà níbẹ̀ lóòótọ́: òrùlé pupa, àtẹ̀gùn, fèrèsé onígíláàsì méjìlá, kọ́tìnnì lára gbogbo wọn. Gíga rẹ̀ kò ju àyà ẹni tó jókòó lọ. Ilé ọmọláńgidi ni, irú èyí tí àwọn òyìnbó máa ń rà fún ọmọ wọn láti fi ṣeré.

Ààfáà Yẹ̀kínì, tó ti kó àdúrà jọ sẹ́nu, gbé e mì.

"Sàláúdéènì, kí lèyí?"

"Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, Ààfáà."

"Ta ló fẹ́ gbé inú ẹ̀?"

"Ààfáà, ilé tí ẹ ṣí ní Bẹẹrẹ lóṣù tó kọjá, ẹ ò bi wọ́n léèrè ẹni tó fẹ́ gbé e. Ṣé torí pé tèmi kéré lẹ ṣe ń wádìí?"

Ààfáà tẹ̀ síwájú, ó yọjú wo yàrá òkè, ló bá fò sẹ́yìn. Ọmọláńgidi olójú búlúù kan ló nà gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì.

"Ère rèé o! Màláíkà kì í wọ ilé tí ère bá wà!"

Sàláúdéènì ṣí òrùlé, ó ti ọwọ́ bọ inú yàrá náà, ó fa onílé lẹ́sẹ̀ jáde, ó jù ú sọ́wọ́ Àtọ́kẹ́.

"Ó ti kó jáde," ló wí. "Ẹ máa ṣàdúrà."

Ààfáà tẹ́ ọwọ́, ó ṣàdúrà. Èrò bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì jẹ àkàrà títí ọpọ́n fi mọ́. Láti ọjọ́ náà, ọmọláńgidi kankan kò gbé ilé Sàláúdéènì mọ́ títí ó fi kú. Ó ní ilé lòun ń tún ṣe, òun kì í gba ayálégbé.

Bí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn ṣe dé ọwọ́ rẹ̀ náà ní ẹjọ́ nínú. Obìnrin òyìnbó kan ní Àgódi ló ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti padà sílùú wọn, ó sì ní kí Sàláúdéènì wá bá òun kan àpótí. Ibẹ̀ ló ti rí ilé náà lórí ààtàn. Ikán ti jẹ ìdí rẹ̀, òrùlé rẹ̀ ti ya, wọ́n sì fẹ́ dáná sun ún. Inú bí Sàláúdéènì. Èèyàn á ṣe máa sun ilé? Ṣé ilé ọ̀tẹ̀ ni? Ó ká òṣùká, ó gbé e rù, ó fẹsẹ̀ rìn láti Àgódi dé Ìdí Àrẹ̀rẹ̀ nínú oòrùn ọ̀sán. Nígbà tó fi máa dé Bẹẹrẹ, àwọn ọlọ́jà ti tò tẹ̀lé e.

"Bàbá Kúbúrá, níbo lẹ̀ ń gbé ilé lọ?"

Kò lè yí ọrùn. "Ilé ni mò ń gbé e lọ."

Ọjọ́ yẹn ni wọ́n sọ ọ́ ní Agbélérù.

Oṣù mẹ́fà ló fi tún un ṣe. Igi ìṣáná ló fi ṣe ọ̀pá àtẹ̀gùn, ìyẹ́ adìẹ ló fi kun ún lọ́dà. Òfin kan ṣoṣo ló fi ń ṣiṣẹ́, kì í sì í yẹ̀ ẹ́: ohun tí ẹni tó kọ́lé bá fi síbẹ̀ gbọ́dọ̀ padà síbẹ̀, ohun tí kò bá fi síbẹ̀ kò gbọdọ̀ débẹ̀ láéláé. Ìgbésẹ̀ kan sọnù nínú mọ́kànlá tó wà lára àtẹ̀gùn. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi wá irú igi tí wọ́n fi ṣe mẹ́wàá tó kù, títí ó fi rí i lára ẹsẹ̀ àpótí tí Àtọ́kẹ́ máa ń jókòó lé. Ó gé e níwọ̀nba. Láti ìgbà náà ni àpótí Àtọ́kẹ́ ti ń tiro.

Àtọ́kẹ́ kì í ṣe aláriwo. Fìlà rírán ni iṣẹ́ rẹ̀, abẹ́rẹ́ ló sì ń bá sọ̀rọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà láàárín òun àti ọkọ rẹ̀ tí kò gbàgbé: yàrá rẹ̀ kò ní fèrèsé. Bàbá Sàláúdéènì ló kọ́ ilé tí wọ́n ń gbé láyé ogun, kò sì fẹ́ kí ọ̀tá máa yọjú wo òun, ló bá mọ ògiri yẹn láti òkè délẹ̀ láìdá ihò kankan sí. Lọ́sẹ̀ tí wọ́n gbé Àtọ́kẹ́ wọlé ni ọkọ rẹ̀ ti ṣèlérí pé òun máa lu fèrèsé fún un. Kúbúrá ọmọ wọn dàgbà, ó lọ sílé ọkọ ní Ọ̀rányàn, fèrèsé kò dé. Inú ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ni Àtọ́kẹ́ ti ń rán fìlà rẹ̀. Nígbà tó yá, ilé àwọn òyìnbó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà.

Nítorí ẹyọ kan kò tó Sàláúdéènì o. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà tó ń jẹ́ Hezekiah, tó ń ṣe kúkù fún òyìnbó ní Jẹ́ríkò. Òun ló ń ta á lólobó nígbàkigbà tí ẹnìkan bá fẹ́ kó lọ. Inú gbogbo ìlú ń dùn pé òmìnira ń bọ̀. Inú Sàláúdéènì ń dùn nítorí ohun tí àwọn tó ń lọ máa jù sórí ààtàn. Nígbà tí òmìnira fi dé, ilé ti pé mẹ́fà, Àtọ́kẹ́ sì ti gbé àpótí rẹ̀ wọ inú òkùnkùn lọ.

"Bàbá Kúbúrá," ló wí lọ́jọ́ kan, bó ṣe gbé abẹ́rẹ́ sókè lẹ́nu ọ̀nà tó ń wá ojú rẹ̀, "fèrèsé mélòó ló wà lára ilé yín mẹ́fẹ̀ẹ̀fà?"

"Mọ́kàndínlọ́gọ́ta," ló dáhùn wéré.

"Tèmi ńkọ́?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ eruku tí kò sí níbẹ̀. "Bàbá mi ló kọ́ ọ, Àtọ́kẹ́. Ẹni tó kọ́ ọ kò fi síbẹ̀."

Orí kunkun rẹ̀ yìí kò yọ Ààfáà Yẹ̀kínì pàápàá sílẹ̀. Ilé kẹta ní ilé ìgbẹ́ kékeré kan lókè, funfun báláú, kò ju ìdérí ìgò lọ. Kí èèyàn máa ṣe ìgbẹ́ lókè, kí ó sì máa jẹun nísàlẹ̀! Gbogbo àdúgbò ló wá wò ó. Ààfáà ló wá rí ohun tí àwọn yòókù kò rí: ẹni tó bá jókòó síbẹ̀, gàbàsì tí à ń kọjú sí kírun ló kọjú sí gan-an.

"A kì í kọjú sí gàbàsì ṣe ìyẹn, Sàláúdéènì. Yí i padà."

"Ẹni tó kọ́ ọ, ibẹ̀ ló kọjú ẹ̀ sí."

"Ẹni tó kọ́ ọ kì í ṣe mùsùlùmí!"

"Ẹ̀ṣẹ̀ tiẹ̀ nìyẹn, Ààfáà. Èmi ò fẹ́ purọ́ mọ́ ọn ni."

Wọ́n jiyàn láti ìrun Àìlá títí dé Alásàárì. Nígbẹ̀yìn, Sàláúdéènì rí ọ̀nà àbáyọ. Kò fọwọ́ kan ilé ìgbẹ́, gbogbo ilé ló yí padà. Ẹ̀yìn ilé wá kọjú sí àlejò, iwájú rẹ̀ kọjú sí ògiri, ẹni tó bá sì fẹ́ rí ilẹ̀kùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ rákòrò gba abẹ́ tábìlì. Ààfáà fúnra rẹ̀ rákòrò lẹ́ẹ̀kan, láwàní rẹ̀ ló há.

Ọdún kejì òmìnira ni Adéyẹ́misí, obìnrin olówó tó ń ta aṣọ ní Gbági, gbé mọ́tò rẹ̀ wá. Ó fẹ́ kó ilé mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀. Ayọ̀ gba ọkàn Àtọ́kẹ́. Bí mẹ́ta bá kúrò, ààyè máa ṣí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán, ó ti gbé àpótí rẹ̀ jáde.

"Nǹkan kan ló kù," Adéyẹ́misí wí. "Ẹ bá mi ṣe ibi tí mọ́tò á máa sùn sí ẹ̀gbẹ́ èyí tó tóbi yìí. Ilé olówó kì í wà láìní i."

"Kí mọ́tò sùn síta, Màdáàmù. Ẹni tó kọ́ ọ kò fi síbẹ̀."

"Bàbá, pákó mẹ́rin péré ni mo ní kí ẹ kàn!"

"Ká ní ẹyọ kan ni, n kò ní kàn án."

Adéyẹ́misí gbọn gèlè, ó bọ́ sínú mọ́tò, ó di eruku lójú ọ̀nà. Àtọ́kẹ́ gbé àpótí rẹ̀ padà wọlé. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gidigidi.

Bó ti wù kó rí, nígbà tí Iléyá ọdún tó tẹ̀ lé e ń bọ̀, ó rán fìlà tuntun fún ọkọ rẹ̀ nínú òkùnkùn yàrá rẹ̀, ó ní òwú búlúù lòun fi ṣe ọnà sí i lára yíká. Sàláúdéènì dé e gẹ̀ lọ sí Yídì. Inú oòrùn níbẹ̀ ni Ààfáà Yẹ̀kínì ti wò ó láti ọ̀tún, tó tún wò ó láti òsì.

"Sàláúdéènì, fìlà ẹ ti fẹ́ ìyàwó kejì."

Apá ọ̀tún jẹ́ búlúù. Apá òsì jẹ́ dúdú kirikiri. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí, wọ́n sì ń retí èsì, nítorí ẹnu Sàláúdéènì kì í kùnà. Ó kàn ṣí fìlà, ó yẹ̀ ẹ́ wò nínú oòrùn, ó rí àmì ẹ̀jẹ̀ kéékèèké níbi tí abẹ́rẹ́ ti gún ìka ìyàwó rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe é, ojú sì tì í. Ó tún fìlà náà dé. Nígbà tó délé, tí Àtọ́kẹ́ bi í bí wọ́n ṣe rí fìlà sí, ó ní kò sí ẹni tí kò yà lẹ́nu.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, Kúbúrá bímọ. Àtọ́kẹ́ kó lọ sí Ọ̀rányàn láti máa wẹ ọmọ, ogójì ọjọ́ ló sì lò níbẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ tó padà dé, ó ṣí ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, ló bá figbe ta. Ó rò pé iná ló ń jó, nítorí pé yàrá náà mọ́lẹ̀.

Fèrèsé kan ló wà lára ògiri. Kò ju síléètì ọmọ iléèwé lọ. Gíláàsì méjìlá ló wà nínú férémù rẹ̀, mẹ́ta lọ́nà ìbú, mẹ́rin lọ́nà òró, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ. Kọ́tìnnì wà lára rẹ̀. Àtọ́kẹ́ sáré padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́, èyí tí Ààfáà ṣàdúrà fún, dúró lórí tábìlì pẹ̀lú ihò méjìlá.

"Bàbá Kúbúrá! Ẹ lu ògiri bàbá yín?"

"Èmi kẹ̀? Ògiri ni mo ní kí n tún rẹ́, ni mo bá rí i pé amọ̀ ibẹ̀ fẹ́lẹ́. Bàbá mi ní in lọ́kàn láti ṣe fèrèsé síbẹ̀. Ó gbàgbé ni."

"Ó gbàgbé."

"Àgbà ni. Mo kàn rán an létí."

Àtọ́kẹ́ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó dá a dúró. "Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yín ńkọ́? Ẹni tó kọ́ ìyẹn fi fèrèsé síbẹ̀."

Sàláúdéènì gbé hámà rẹ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. "Kò sẹ́ni tó ń gbé ìyẹn, Àtọ́kẹ́," ló wí.

Obìnrin náà wọlé, ó jókòó lórí àpótí tó ń tiro, ó mú abẹ́rẹ́ àti òwú. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló tì í, òwú wọlé. Ìgbà yẹn ló tó rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ọyẹ́ ọdún náà ni Sàláúdéènì kú, àìsàn ọjọ́ mẹ́rin péré. Lọ́jọ́ fídáù rẹ̀, àwọn èèyàn sọ ìtàn rẹ̀ títí wọ́n fi gbàgbé pé àwọn ń ṣọ̀fọ̀. Nígbà tí àdúrà parí, Ààfáà Yẹ̀kínì ṣí láwàní rẹ̀, ó fi sórí ìjókòó, ó rákòrò wọ abẹ́ tábìlì, ó ní òun fẹ́ wo ilẹ̀kùn ilé kẹta. Ó pẹ́ níbẹ̀ kó tó jáde, kò sì sẹ́ni tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Sàídì, ọkọ Kúbúrá, tó jẹ́ bíríkìlà, bá ìyá ìyàwó rẹ̀ wọ yàrá. Ó wo fèrèsé náà, ó mi orí.

"Ìyá, fèrèsé yìí kéré jù fún yín. Tó bá dọ̀la, màá fẹ̀ ẹ́, màá sì fi gíláàsì ńlá gidi síbẹ̀."

Àtọ́kẹ́ ti jókòó sídìí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, fìlà kan lórí itan. Kò gbójú sókè.

"O ṣeun, ọmọ mi," ló wí. "Ẹni tó kọ́ ọ kò fi síbẹ̀."