Kẹ́ẹ̀gì Ojú Fèrèsé

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù. Ẹ wo àtẹ́lẹwọ́ mi, bílíìṣì ti jẹ ẹ́ tán. Omi yẹn kì í ṣe ẹgbẹ́ ọṣẹ o! Irú rẹ̀ ni wọ́n ń dà sómi ẹ̀rọ kí aráàlú tó mu ún, òun làwọn alápatà fi ń fọlẹ̀, òun ló ń pa kòkòrò tójú ò rí. Àmọ́ oòrùn lọ̀tá rẹ̀. Tó bá pẹ́ nínú oòrùn, agbára rẹ̀ á lọ. Ìdí nìyẹn tí kẹ́ẹ̀gì tèmi fi ń gbé abẹ́ àtẹ̀gùn, nínú òkùnkùn.

Ni wọ́n bá gba Eyínfúnjowó síṣẹ́. Ọmọ àná! Kò tíì lo oṣù méjì tí Mátírọ́nù, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, fi ń gbé aṣọ tó fọ̀ hàn mí: "Màmá, ẹ wo bó ṣe funfun!" Funfun kẹ̀? Búlúù ìfọṣọ tó ń mú aṣọ dán lójú lásán ló ń rẹ ẹ́ sí. Wọ́n fẹ́ yan olórí ilé ìfọṣọ, orúkọ rẹ̀ ló sì wà lẹ́nu gbogbo wọn. Mi ò ní purọ́, mo jowú ọmọ yẹn débi pé ẹ̀rín rẹ̀ ń ta mí létí.

Ọjọ́ kẹta tó dé ni mo ti rí kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ lójú fèrèsé, tí oòrùn ń pa á. Mo lanu, mo tún pa á dé. Kàkà kéku má jẹ sèsé, á fi ṣàwàdànù.

Ó ku ọ̀la kí wọ́n yan olórí, ọmọbìnrin mi bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Mo sáré dé yàrá ìgbẹ̀bí bó ṣe fẹ́ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo dá aṣọ tí wọ́n tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì náà mọ̀: Eyínfúnjowó nìkan ló ń ká etí aṣọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

"Má jókòó!" Mo fa aṣọ náà kúrò. "Kò mọ́! Bílíìṣì tó fi fọ̀ ọ́ ti kú, inú oòrùn ló ń gbé e sí!"

Mátírọ́nù wò mí. "Ìgbà wo lẹ ti mọ̀, Màmá?"



"Láti ọjọ́ kẹta tó dé."

"Àgbà kì í wà lọ́jà, Màmá..." Kò parí ẹ̀. Obìnrin tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì wo etí aṣọ tó sùn lé, ó sì yára gbé ọmọ tuntun rẹ̀ sókè. Ọmọbìnrin mi já ọwọ́ rẹ̀ gbà lọ́wọ́ mi.

Orí aṣọ tí mo fọ̀ ló bímọ sí, àlàáfíà ni. Eyínfúnjowó ni olórí wa báyìí. Kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ wà lábẹ́ àtẹ̀gùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Ní gbogbo àárọ̀, á kúnlẹ̀ kí mi, á wá bi mí jẹ́jẹ́ pé:

"Màmá, ṣé ó ku nǹkan tí mi ò mọ̀?"