Ọjọ́ Tí Màmá Mi Jẹ́rìí Lórí Ilẹ̀ Ṣọ́ọ̀ṣì

Màmá mi kì í ṣe ẹni tó láyà. Bí wọ́n bá rí ọlọ́pàá lójú títì, inú oko ni wọ́n máa yà gbà kọjá. Bí a bá sì ní kí wọ́n gbàdúrà ìparí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ohùn wọn kì í kọjá bẹ́ǹṣì tó wà níwájú wọn. Ìdí nìyí tí ohun tí mo fojú ara mi rí níwájú ilé baálẹ̀ wa fi ń yà mí lẹ́nu títí di òní.

Abúlé wa kò jìnnà sí Ìrókò. Ṣọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ti àwa aláṣọ funfun, orí ilẹ̀ ìdílé Mùsùlùmí kan la sì kọ́ ọ sí. Bàbá tó ni ilẹ̀ ti kú tipẹ́. Ọmọ rẹ̀ ló ń gbin ẹ̀gẹ́ sí ibi tó ṣẹ́ kù yí ṣọ́ọ̀ṣì ká.

Nígbà tí Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ bọ̀ lọ́dọ̀ wa, ilẹ̀ di wúrà. Àwọn àgbà ìjọ wa bá ní àwọn fẹ́ mọ fẹ́ǹsì yí gbogbo oko ẹ̀gẹ́ yẹn ká, pé bàbá olóògbé ti fi gbogbo rẹ̀ ta ìjọ lọ́rẹ. Ọmọ bàbá náà ní irọ́ ni. Ó ní ibi tí ṣọ́ọ̀ṣì dúró sí nìkan ni bàbá òun yá wọn. Kò sí ìwé kankan. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n tọrọ ilẹ̀ ti kú tán, àfi Màmá mi. Ìyàwó tuntun ni wọ́n nígbà yẹn, àwọn ni wọ́n gbé omi fún àwọn àgbà mu. Baálẹ̀ wá ránṣẹ́ pè wọ́n kí wọ́n wá jẹ́rìí.

Mo ti Alakia, níbi tí mò ń gbé, wá láti sìn wọ́n lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ náà, alàgbà ìjọ wa wọlé wá. Wọn kì í ṣe ènìyàn burúkú. Nígbà tí bàbá mi wà lórí àìsàn, àràárọ̀ ni alàgbà yìí ń wá gbàdúrà fún wọn.

Alàgbà ní, “Màmá, a ò ní kí ẹ purọ́. Ẹ ṣáà sọ pé ó ti pẹ́, ẹ ò rántí mọ́. Ta ló máa bá àgbàlagbà wí?”

Màmá wolẹ̀. “Ṣùgbọ́n mo rántí, sà.”

“Ilé Ọlọ́run là ń jà fún o. Ẹ má gbàgbé pé àwa náà la máa sin yín.”

Nígbà tí alàgbà lọ tán, Màmá ò lè jẹun. Ọkàn mi ò balẹ̀ nítorí wọn. Mo ní, “Màmá, ẹ jẹ́ ká máa lọ sí Alakia títí ọ̀rọ̀ yìí á fi rọlẹ̀.”

Wọ́n wò mí. “Ṣé Ọlọ́run ò sí ní Alakia ni?”

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ àdúrà wọn nínú yàrá: “Olúwa, ẹ̀rù ń bà mí. Bí o kò bá ní mú un kúrò, ṣáà bá mi lọ.”

Lọ́jọ́ kejì, aṣọ funfun ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n wọ̀, wọ́n sì bọ́ bàtà sílẹ̀ bí a ti máa ń ṣe. Àwọn ará ìjọ wa jókòó lápá kan lábẹ́ igi odán, ìdílé onílẹ̀ lápá kejì. Nígbà tí wọ́n gbé Bíbélì lé Màmá lọ́wọ́ láti búra, ó fẹ́ẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Mo dìde láti bá wọn dì í mú, wọ́n fi ojú sọ fún mi pé kí n jókòó.

“Baálẹ̀, àwa la tọrọ ilẹ̀,” ni wọ́n wí. “Bàbá tó ni ín ní, ‘Ẹ kọ́ ilé Ọlọ́run yín síbẹ̀. Bí ẹ ò bá lò ó mọ́, ẹ dá a padà fún àwọn ọmọ mi.’ Àwọn bàbá wa dọ̀bálẹ̀, wọ́n dúpẹ́. Ẹnikẹ́ni ò dárúkọ oko.”

Ẹnì kan pariwo láàárín àwọn tiwa pé, “Ìyá yìí ti tà wá!”

Màmá yíjú sí wọn. “Mi ò tà yín. Ọlọ́run tí mò ń bẹ̀ nínú ilé yẹn ló ní kí n má jẹ́rìí èké sí ọmọnìkejì mi. Bí mo bá wá purọ́ nítorí ilé rẹ̀, ta ni mo tún fẹ́ máa bẹ̀ níbẹ̀?”

Orí mi wú. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ìtàn àwọn wòlíì tó dúró níwájú ọba. N kò mọ̀ pé irú wọn ló ń bá mi fọ aṣọ ilé ìwé.

Baálẹ̀ dá oko padà fún ẹni tó ni ín. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Màmá, ó sì kọjú sí alàgbà wa. “Ibi tí bàbá mi fún yín, mi ò ní gbà á padà. Ẹ máa sin Ọlọ́run yín lọ.”

Ṣùgbọ́n fún ìgbà pípẹ́, kò sẹ́ni tó jókòó ti Màmá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Síbẹ̀, Màmá ò pa ọjọ́ Àìkú kankan jẹ. Alàgbà ò tọrọ àforíjì títí di òní. Àmọ́ nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín ẹgbẹ́ akọrin, tí ìjọ ń wá ẹni tí kò ní ṣègbè, alàgbà yìí kan náà ló ní kí wọ́n lọ pe Màmá wá.

Mo bi Màmá léèrè lọ́jọ́ kan bí wọ́n ṣe ní irú ìgboyà yẹn.

“Ìgboyà wo?” ni wọ́n wí. “Ẹsẹ̀ mi ò fẹ́ẹ̀ gbé mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ò ní ẹnu, ọmọ mi. Èmi ni mo ní ẹnu.”

Wọ́n sì padà sídìí ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń já.