Odò Tí Kò Dé Ọrùn Ẹsẹ̀ Màmá

Ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gọ́fà. Iye ọjọ́ tí odò wa kò fi dé ọrùn ẹsẹ̀ ìyá mi nínú ẹ̀ẹ̀rùn kan ṣoṣo nìyẹn. Mo ti gbé iye yìí dé iwájú tábìlì mẹ́ta ní ọ́fíìsì ìjọba, kò sì sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tó sọ pé irọ́ ni. Ohun tí wọ́n sọ ni pé kí n má kọ ọ́ síta. Ẹni àkọ́kọ́ fi ẹ̀rín sọ ọ́, ẹni kejì sọ ọ́ bí ìmọ̀ràn, ẹni kẹta kò tilẹ̀ gbójú sókè. Mo wá kọ ọ́ síta báyìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ bí iye náà ṣe wúwo tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ẹsẹ̀ tí a fi wọn odò náà, àti ọkùnrin tó ń kúnlẹ̀ ti ẹsẹ̀ náà láràárọ̀.

Bàbá mi ni ọkùnrin náà. Tísà ni ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọ Áńgílíkà, ní abúlé wa létí odò, láàárín Ọ̀sì àti Ìlọ́fà. Nígbà tí mo wà ní kékeré, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ wá sọ fún wa pé wọn yóò sé odò náà. Dáàmù yóò dúró, omi rẹ̀ yóò máa yí ẹ̀rọ tí ń pèsè iná, èyí tó bá sì kù yóò gba inú kòtò kọnkéré lọ bomi rin oko nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kí wọ́n tó lè ṣe é, wọ́n ní láti mọ bí odò ṣe ń kún àti bó ṣe ń fà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin. Wọ́n ri òpó irin kan mọ́ inú omi, wọ́n sì kan pátákó funfun mọ́ ọn, tí wọ́n fi ọ̀dà dúdú kọ nọ́ńbà sí lára, bíi rúlà òmìrán. Wọ́n wá béèrè ẹni tó mọ̀wé, tí kì í sì í rìnrìn àjò. Gbogbo abúlé yíjú sí bàbá mi.

Láàárọ̀ kí agogo iléèwé tó dún, àti ní ìrọ̀lẹ́, Bàbá á sọ̀kalẹ̀ lọ sódò. Kì í mú ìwé dání, torí ìwé kan ti bọ́ sómi mọ́ ọn lọ́wọ́ rí. Á ka nọ́ńbà náà, á sì máa pè é títí yóò fi délé: "Mítà kan àti ogún. Mítà kan àti ogún." Báyìí ni òfin kan ṣe fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní abúlé wa, níbi tí wọ́n ti lè torí ẹni tí kò kíni pe ìpàdé ẹbí: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kí Tísà bó bá ń ti odò bọ̀. Àwọn àgbàlagbà pàápàá á yà fún un lójú ọ̀nà.

"Ẹ má kí i o," ni wọ́n á wí fún àlejò, "omi wà lẹ́nu rẹ̀."

Ìgbà tó bá kọ ọ́ sínú ìwé tán ni yóò jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí gbogbo ẹ kú àárọ̀ tó ti ń dúró dè é á wá dà bò ó lẹ́ẹ̀kan náà. Àwa ọmọdé nìkan ni a kò ka òfin náà sí. A máa ń fara pamọ́ sẹ́yìn igi kajú, a ó máa kígbe nọ́ńbà mìíràn sí i létí: "Ogójì! Mẹ́tàdínlógún!" Lọ́jọ́ kan, a da nọ́ńbà náà rú mọ́ ọn lẹ́nu. Kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ó yí padà, ó tún gba ọ̀nà odò náà sọ̀kalẹ̀, ó lọ tún un kà. Bí mo bá rántí ẹ̀yìn rẹ̀ bó ṣe ń lọ lọ́jọ́ náà, ojú ṣì ń tì mí.

Ó gba àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba náà gbọ́. Ó ti fi gílóòbù kan kọ́ àjà pálọ̀ wa kí wáyà kankan tó wọ abúlé, gbogbo ọjọ́ Sátidé ni Màmá sì ń fi aṣọ nu eruku rẹ̀.

Ní òjò ọdún kan, odò kún, ó sì gbé òpó irin náà lọ. Bàbá kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Wọ́n ní òmíràn ń bọ̀. Títí di òní, ó ń bọ̀.

Bàbá wá ń jókòó lásán láàárọ̀ bí ẹni tí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Màmá wò ó títí. Òun ló ni àkùrọ̀ tó wà létí odò náà, ilẹ̀ ọlọ́rinrin tí tẹ̀tẹ̀, ilá àti àgbàdo ti ń hù nígbà tí gbogbo oko òkè bá ti gbẹ. Ohun tó ń hù níbẹ̀ ló gbé mi dé yunifásítì. Kò sí àárọ̀ tí kì í dé ibẹ̀.

"Tísà," ni Màmá wí, "ẹ ò ṣá ní torí irin ro ara yín pa. Ṣé ẹsẹ̀ mi ò ga tó irin ni?"

"Ẹsẹ̀ ń rìn, Ìyá wọn. Òpó kì í rìn."

"Òpó yẹn náà mà ti rìn lọ, Tísà. Èmi ni mo ṣì wà nílé."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Lẹ́yìn náà ló lọ mú rúlà onígi gígùn wá láti iléèwé, ó ní kí Màmá dúró gbagidi lórí ẹní, ó sì wọ̀n ọ́n láti gìgísẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀, láti ibẹ̀ dé orókùn, ó ń lọ sókè.

"Ẹ rọra o," ni Màmá wí, "àwọn ọmọ ń wò."

Ó kọ gbogbo rẹ̀ sí ẹ̀yìn èèpo ìwé náà. Láti ọjọ́ kejì ni ìyá mi ti di irinṣẹ́ tí ìjọba fi ń wọn odò. Òkúta pẹrẹsẹ kan wà nínú omi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí òpó wà tẹ́lẹ̀. Orí òkúta yẹn ló ń dúró sí láràárọ̀, kò pààrọ̀ rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n kò lè gba òfin àìkíni. Ó ní òun ò ní torí odò ya odi. Ohun tó ń ṣe ni pé á fi ìko so ẹsẹ̀ níbi tí omi bá dé, á sì gba àárín abúlé padà, á kí tọmọdé tàgbà, á béèrè ewúrẹ́ tó bímọ àti ìyàwó tó lóyún. Bó bá délé, Bàbá á kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, á fi rúlà wọn ibi tí ìko wà, á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń kọjá kì í dákẹ́.

"Tísà, ẹ̀ṣẹ̀ wo lẹ ṣẹ̀ ìyàwó yín láàárọ̀ yìí?"

"Ìjọba ló ní kí n kúnlẹ̀," ni Bàbá máa ń dá wọn lóhùn, láìgbé ojú kúrò lára rúlà.

Ẹ̀ẹ̀rùn kan wá dé tí Màmá fi ọwọ́ mú ìko bọ̀ láti odò.

"Mi ò ríbi so ó mọ́," ló wí.

Bàbá kọ ọ́ sílẹ̀: "Omi kò dé ọrùn ẹsẹ̀." Ó kọ ọ́ lọ́jọ́ kejì àti lọ́jọ́ kẹta. Ó kọ ọ́ la gbogbo ọyẹ́ kọjá, títí ooru fi mú, títí òjò àkọ́rọ̀ fi rọ̀. Ní gbogbo àkókò yìí, Màmá ń fi ọwọ́ wa ihò sínú ẹrẹ̀ àkùrọ̀ rẹ̀, ó ń fi igbá bu omi tó bá sun jáde, ẹ̀fọ́ rẹ̀ kò sì kú. Omi tó fara pamọ́ yìí tó fún ìwọ̀nba ẹ̀fọ́ obìnrin kan. Kò lè yí ẹ̀rọ kankan. Nígbà tí Bàbá ka àwọn ọjọ́ náà, ó kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ó wọ pálọ̀ lọ, ó wo gílóòbù rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Ọ̀dọ́mọkùnrin òṣìṣẹ́ tí wọ́n rán láti Ìlọrin láti wá gba ìwé náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ṣí i, ó sì mi orí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ nǹkan díẹ̀ síbẹ̀. Iwájú àwọn ọ̀gá ni ìwé yìí ń lọ."

"Díẹ̀ kì í ṣe nọ́ńbà. Bí ọmọ kíláàsì mi bá kọ díẹ̀ sábẹ́ ìṣirò, òdo ni n óò fún un."

"Ẹsẹ̀ obìnrin náà kì í ṣe irinṣẹ́ ìjọba, sà."

Màmá dá a lóhùn láti ibi ìdáná: "Òótọ́ lẹ sọ. Irinṣẹ́ ìjọba ti bá omi lọ. Ẹ jẹun kí ẹ tó máa lọ."

Ó jẹun. Ó wá fi fọ́ọ̀mù ìjọba sílẹ̀, ó ní kí a da ìwé náà kọ sínú rẹ̀ ní mítà, láìsí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ nínú rẹ̀, òun yóò padà wá gbà á. Èmi ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Mo wà nílé fún ìsinmi yunifásítì, ìwé tí ẹsẹ̀ ìyá mi kún inú rẹ̀ sì ń tì mí lójú. Mo fi ọwọ́ tó dára jù lọ kọ ọ́. Orókùn di mítà, itan di mítà. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gọ́fà náà, mi ò rí nọ́ńbà tí mo lè kọ, mo sì fi àyè wọn sílẹ̀ lófìfo. Mo rò pé ohun tí ọ̀mọ̀wé ń ṣe nìyẹn.

Bàbá gbé e sójú. "Àwọn ọjọ́ wọ̀nyí ńkọ́?"

"Wọn ò ní nọ́ńbà, Bàbá."

Ó wò mí, ó gbà mí gbọ́. Ó fi ìwé tirẹ̀ sínú àpótí, sí àárín Bíbélì àti ìwé orin.

Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá. Wọ́n pa ètò dáàmù náà tì lẹ́yìn tí wọ́n la kòtò kọnkéré kan tí omi kò wọ̀ rí; inú rẹ̀ ni àwọn obìnrin ti ń sá láfún. Bàbá kú, gílóòbù rẹ̀ kò tàn. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni mo tó rí ìwé tí àwọn aláṣẹ ètò náà gbé kalẹ̀ lórí odò wa. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé olùwọ̀n omi kò lọ sódò ní àwọn ọjọ́ tí àyè wọn ṣófo. Wọ́n wá mú omi àwọn ọjọ́ tó kù, wọ́n pín in dọ́gba, wọ́n sì fi dí àwọn ihò tí mo fi sílẹ̀. Wọ́n bu omi òjò sínú ẹ̀ẹ̀rùn! Nínú ìwé wọn, odò wa kì í gbẹ. Nínú ìwé wọn, bàbá mi, ọkùnrin tó tún ọ̀nà odò rìn torí ọmọdé da nọ́ńbà rú mọ́ ọn lẹ́nu, sùn sílé fún ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gọ́fà.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá yìí, pátákó ńlá tuntun dé ojú títì: ètò náà ti jí. Àwọn tó ń wọnlẹ̀ wá, wọ́n kan èèkàn tí wọ́n so aṣọ pupa mọ́ káàkiri àkùrọ̀ Màmá, torí ibẹ̀ ni omi dáàmù yóò bò. Nígbà tí mo débẹ̀, ẹ̀wà rẹ̀ ti ń gun èèkàn ìjọba.

"Ó kúkú wúlò," ni Màmá wí.

A wọ takisí lọ sí ìpàdé tí wọ́n pè ní káńsù ní Ararọ̀mí-Ọ̀pin. Ọ̀gá kan kà á sí wa létí pé odò náà ń ṣàn tọdún tọdún. Mo dìde. Mo sọ fún gbogbo ilé pé èmi ni mo fi àyè sílẹ̀ lófìfo, pé ìwé tòótọ́ nìyí lọ́wọ́ mi, mo sì pe iye náà.

"Ta ló wọn omi yẹn?" ni ọ̀gá náà bi mí.

Màmá dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ká etí ìró rẹ̀ sókè díẹ̀, ó na ẹsẹ̀ síwájú. "Ẹsẹ̀ yìí ni."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín lórí àga gíga. Màmá dúró dè wọ́n kí wọ́n rín in tán.

"Ẹ kú ẹ̀rín, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ ṣáà wá sódò."

Wọ́n ní kí n fi ìwé náà sílẹ̀. Mi ò fi í sílẹ̀. Nínú takisí tó ń gbé wa padà, mi ò lè wo ojú rẹ̀.

"Màmá, èmi ni mo ba iṣẹ́ Bàbá jẹ́. Ẹ foríjì mí."

"Nígbà tó yá, Bàbá yín mọ̀ pé kò yẹ kí o fi àyè sílẹ̀," ló wí, ó sì fi ọwọ́ lé mi lórúnkún. "Ó ní bó o bá gbọ́n tán, wàá padà lọ tún un kà."

Mo ti padà, mo ti tún un kà. Ẹ̀yin tí ètò odò yìí wà lọ́wọ́ yín, kì í ṣe iná ni mo kọ̀. Abẹ́ gílóòbù tí kò tàn ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Ẹ dá ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gọ́fà náà padà sínú ìwé yín. Ẹ yọ gbólóhùn tó ní bàbá mi kò lọ sódò kúrò níbẹ̀. Ẹ kọ iye náà sára pátákó yín lójú títì, kó hàn tó iná tí ẹ ń ṣèlérí. Kí ẹ tó da omi bo àkùrọ̀ ìyá mi, ẹ wá ní oṣù Èrèlé, ẹ bọ́ bàtà yín, ẹ dúró lórí òkúta náà. Màmá yóò bá yín so ìko, bí ẹ bá ríbi so ó mọ́. Bí ẹ bá sì ń ti odò bọ̀, ẹnikẹ́ni nínú wa kò ní kí yín títí ẹ ó fi kọ ọ́ sílẹ̀.