Àmín Tí Ẹ̀gbọ́n Bàbá Mi Ṣe

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ṣe Àmín. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka èyí kọ́kọ́ di ìyẹn mú, nítorí òun fúnra rẹ̀ sẹ́ ẹ títí ó fi kú. Ìlà iwájú ló jókòó sí. Ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, ó ṣe Àmín sókè, ó sì fi ọwọ́ pa ojú. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó fi ọwọ́ kan náà gbá mi létí tí ẹ̀jẹ̀ fi jáde nímú mi.

Àjàṣẹ́ ni, láàárín àwọn ọdún díẹ̀ tó tẹ̀lé òmìnira lọ́wọ́ àwọn Faransé. Mo ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama nígbà náà. Bàbá mi ti kú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń ṣe bàbá lé mi lórí, ó sì ti ṣèlérí mi fún oníṣòwò aṣọ kan ní Ouando, ọkùnrin tó ti ní ìyàwó méjì, tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Tí ọdún ilé-ẹ̀kọ́ bá parí, kí n kó ìwé sílẹ̀, kí n wọlé ọkọ. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè.

Ọdún yẹn gan-an ni mo kọ ìtàn kan. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wa ló ń kọ́ wa ní ìtàn ayé àtijọ́, ó sì sọ fún wa nípa àwọn ẹ̀yà inú aṣálẹ̀, tí wọ́n ń gbé inú àgọ́ aláwọ, tí wọ́n ń pa ara wọn nítorí kànga. Mo mú un níbẹ̀. Ọmọbìnrin ẹ̀yà kan, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹ̀yà kejì tí àwọn èèyàn rẹ̀ pa ẹ̀gbọ́n ọmọbìnrin náà létí kànga, ìfẹ́ sì wọ àárín àwọn méjèèjì. Ọ̀gá kà á, ó ní a ó fi ṣe eré níwájú àwọn òbí.

Ohun tí ọ̀gá ṣe nìyí. Èdè Faransé ni mo fi kọ ọ́. Ó ní Nàgó, Yorùbá ilé wa, ni ká fi ṣe é, kí àwọn òbí lè gbọ́. Èso dàbínù àti wàrà ràkúnmí ni mo ní kí wọ́n pín níbi ìgbéyàwó tó parí ìjà àwọn ẹ̀yà méjèèjì. Ó ní ká lo obì.

Mo ní, "Ọ̀gá, obì ò sí nínú aṣálẹ̀."

"Ìwọ ti dé ibẹ̀ rí?"

Gbogbo kíláàsì fi mí rẹ́rìn-ín. Àwọn òbí àwọn ọmọbìnrin yòókù kò gbà kí ọmọ wọn ṣe ìyàwó níwájú èrò, ni ọ̀gá bá ní kí èmi ṣe é. Ọmọ àgbẹ̀ kan láti Akpro-Missérété, tí kò sẹ́ni tó mọ ìṣirò tó o nínú wa, ló ṣe ọ̀dọ́mọkùnrin aṣálẹ̀. Ẹni tó ṣe àfáà, ọmọ ilé kéwú gidi ni.

Lọ́jọ́ eré, idà igi bẹ̀rẹ̀ sí í dún, àwọn ọmọ ṣubú, wọ́n kú dáadáa, inú èrò dùn. A dé ibi ìgbéyàwó. Ọmọ kéwú wo èrò tó kún gbọ̀ngàn, orí rẹ̀ wú, ó pa ọ̀rọ̀ tí mo kọ tì. Ó béèrè sàdáàkì, ẹ̀bùn tí ọkọ ń fún ìyàwó. Ọmọ Akpro bọ́ láwàní orí rẹ̀, ó fi lé mi lọ́wọ́. Ọmọ kéwú bá kọjú sí èrò:

"Ta ni bàbá ọmọ?"

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi nàró. Eré ti wọ̀ ọ́ lára. "Èmi nìyí!"

"Ṣé ẹ fi í fún un?"

"Mo fi í fún un tọkàntọkàn!"

Ọmọ kéwú ka Fátíhà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Gbogbo gbọ̀ngàn ṣe Àmín. Wọ́n pín obì, wọ́n jẹ ẹ́.

Ìgbà náà ni oníṣòwò aṣọ tó jókòó ti ẹ̀gbọ́n bàbá mi dìde. "Ẹ ti so yìgì ìyàwó mi lójú mi!"

Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn: "Àláájì, ẹ̀yin náà ṣáà ti jẹ obì ìyàwó! Ó ṣì wà lẹ́nu yín!"

Ẹ̀rín tí wọ́n rín ló di ẹ̀jẹ̀. Oníṣòwò àtàwọn tó ń bá a ru aṣọ gun orí pèpéle. Idà igi ni wọ́n kọ́kọ́ fi na ọmọ Akpro. Nígbà tó ṣẹ́, wọ́n gbé bẹ́ǹṣì. Mo gbọ́ bí ó ṣe dún lára orí rẹ̀. Etí òsì rẹ̀ ń da ẹ̀jẹ̀, síbẹ̀ kò jókòó, ó ń wá ibi tí mo wà. Èmi ń sáré lọ bá a ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi gbá mi. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń di ilẹ̀kùn mú kí àwọn èèyàn ńlá lè rí ọ̀nà jáde.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, oníṣòwò mú àfáà àgbà kan wá sí agbo ilé wa kí wọ́n so yìgì tiwa kíákíá. Bàbá náà ti gbọ́ nípa yìgì inú eré, ó rọra béèrè nípa rẹ̀. Ṣé bàbá ọmọ fọwọ́ sí i? Ṣé sàdáàkì wà? Ṣé ẹlẹ́rìí wà?

"Ẹlẹ́rìí ló kún gbọ̀ngàn," ni ìyá mi dáhùn.

"Àfáà, eré ọmọdé ni," ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi wí.

"Fátíhà kì í ṣe eré. N ò lè so yìgì lórí yìgì. Kí ọmọkùnrin náà kọ̀ ọ́ sílẹ̀ ná."

Wọ́n lọ gbé ọmọ Akpro wá láti ilé, wọ́n ti fi aṣọ funfun di orí rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sí i. Wọ́n ní kó sọ pé òun kọ̀ mí.

Ó ní, "Tó bá jẹ́ eré, kò sí ohun tí mo fẹ́ kọ̀. Tó bá jẹ́ òótọ́, ìyàwó mi ni, n ò kọ̀ ọ́."

Wọ́n bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, wọ́n fi kòbókò lù ú lójú mi. "Sọ ọ́!" Ó ní òun ò sọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ là. Ìyá mi ń ké. Mo so mọ́ apá ẹni tó mú kòbókò, ó fi ìgúnpá gbá mi lẹ́nu, ibẹ̀ ni eyín mi yìí ti ṣẹ́.

Àfáà dìde, ó wọ bàtà rẹ̀. "Ìkọ̀sílẹ̀ tí ẹ fi kòbókò gbà, kì í ṣe ìkọ̀sílẹ̀. Ẹ má tún pè mí mọ́."

Kò sí àfáà mìíràn tó gbà láti so yìgì náà. Bí oníṣòwò ṣe pàdánù mi nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi da ẹrù èmi àti ìyá mi síta, a lọ bá àwọn ẹbí ìyá mi ní Sèmè-Kpodji, ibẹ̀ ni mo ti ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ títí mo fi yege. Ọlọ́pàá kankan kò bi oníṣòwò léèrè ọ̀rọ̀ kan. Ọmọ Akpro ni ọ̀gá lé kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́. Ó ní ó da ìlú rú.

Kí n tó lọ sí yunifásítì ní Dakar, mo lọ bá a lóko. Apá ọ̀tún rẹ̀ ni mo dúró sí, torí etí òsì kò gbọ́ràn mọ́.

"Kí ló dé tí o ò sọ ọ́?" mo bi í. "Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni."

"Ká ní mo sọ ọ́ ni, Ouando lo máa wà báyìí, wàá máa ká aṣọ."

"Ìyẹn nìkan?"

Ó sọ ọkọ́ sínú ebè, kò wò mí. "O mọ̀ pé kì í ṣe ìyẹn nìkan. Má jẹ́ kí n sọ ọ́ lónìí, wàá pẹ́ débi ọkọ̀."

Mo jókòó sórí ebè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ. Ọkọ̀ yẹn lọ, mo wọ ti ọjọ́ kejì.